Níbo Ni Ìtàn Ti Ń Wá, Báwo Ló sì Ṣe Ń Di Ìwé? Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Òǹkọ̀wé Ìtàn-Àròsọ

Bí a bá jókòó ti ẹni tó kọ ìwé ìtàn-àròsọ, ìbéèrè méjì ni kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa. Èkínní ni pé: níbo lẹ ti rí ìtàn yìí? Èkejì ni pé: báwo lẹ ṣe ṣe é tó fi di ìwé? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wá orísun ìtàn. Ìkejì ń wá ọ̀nà tí ìtàn gbà kúrò nínú ilé òǹkọ̀wé títí tó fi dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Fún àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé, ìbéèrè méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán. Ìtàn kò wọ́n wa. Àwọn àgbà wa mọ ìtàn ogun, ìtàn ọdẹ, ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú àti ìtàn ilé olórogún. Ohun tó wọ́n wa ni ìwé ìtàn-àròsọ tí a fi èdè wa kọ, tí ọmọ wa lè mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí olùwádìí sì lè rí mú lórí pẹpẹ ilé ìkàwé. Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí: kí a lè wo ohun tí a mọ̀ nípa àwọn òǹkọ̀wé tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wa, ní ìhà ọ̀hún àti ní ìhà tiwa, kí a sì mọ ohun tó yẹ kí a bi àwọn tó ṣì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀nà ṣe pín. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò lórí ààlà tó gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ní ìhà ìlà-oòrùn ààlà náà, àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ti ń tẹ ìwé ní èdè Yorùbá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré máa kà á. Ní ìhà tiwa, èdè Faransé ni ìjọba fi lélẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọlé. Nítorí náà, ọmọ Òkè-Igbó tó bá fẹ́ kọ ìwé lè kọ ọ́ ní Yorùbá kó sì rí ẹni tẹ̀ ẹ́ ní Èkó. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ ìwé, Faransé ló máa kọ, Paris ló sì máa kọjú sí. Ohun tí a máa rí nísàlẹ̀ yìí kò lè yé wa dáadáa bí a kò bá fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà ìwé ìròyìn: I. B. Thomas

Ìwé ìròyìn ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ti jáde wá. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Isaac Babalọlá Thomas, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*, ń tẹ lẹ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Obìnrin náà ti fi ẹwà rẹ̀ jẹ ayé nígbà èwe, àìsàn wá dá a wó, ó sì ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Lọ́dún 1930 ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé.

Bí a bá bi ìwé yìí ní ìbéèrè wa méjèèjì, ìdáhùn rẹ̀ ṣe kedere. Orísun ìtàn náà ni ìgboro Èkó: àwọn àdúgbò rẹ̀, orin tí wọ́n ń kọ, òfófó tí àwọn ènìyàn ń ṣe, ìwà àwọn ọ̀dọ́bìnrin àti àwọn olówó tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọ̀nà tí ó gbà di ìwé kò sì la ti òǹtẹ̀wé ńlá kọjá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lọ́wọ́ olóòtú, òǹkàwé ń retí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtàn sì ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí Thomas jókòó kọ odidi ìwé kó tó wá ẹni tí yóò kà á. Òǹkàwé ti wà nílẹ̀ kí ìwé tó parí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa tóbi. Ẹni tó bá ní ìtàn lónìí ní Pobè tàbí ní Sákété kò ní láti dúró de òǹtẹ̀wé. Ó lè máa sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀ lórí rédíò àdúgbò tàbí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí ó sì wo bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á. Ibi tí wọ́n bá ti béèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ìwé wà.

Ọ̀nà ìdíje: D. O. Fágúnwà

Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni orúkọ tí gbogbo ẹni tó bá ka Yorùbá mọ̀. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1903. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì di olùkọ́. Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà ṣe ìdíje ìwé kíkọ, Fágúnwà sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde. Láàárín 1949 sí 1961, ó tún kọ *Igbó Olódùmarè*, *Ìrèké Oníbùdó*, *Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje* àti *Àdììtú Olódùmarè*. Wọlé Ṣóyínká sọ ìwé àkọ́kọ́ náà di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Níbo ni ìtàn rẹ̀ ti wá? Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí orísun méjì tó pàdé nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni àlọ́ àti ìtàn ọdẹ ti ìgbèríko tó ti dàgbà: igbó tó ní olúwa, ẹbọra tó ń dán ọdẹ wò, àgbà tó ń kìlọ̀. Èkejì ni ìwé tí ìjọ ti túmọ̀ sí Yorùbá, pàápàá Bíbélì àti ìtàn ìrìn-àjò Kìrìsìtẹ́ẹ́nì láti ọwọ́ John Bunyan. Kò yan ọ̀kan kó kọ èkejì sílẹ̀. Ó fi ọgbọ́n ilé so mọ́ ọgbọ́n ìwé, ó sì fi ìwàásù àti àwàdà pò ó.

Ohun kan wà nínú ìwé àkọ́kọ́ náà tó bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an. Ẹni tó ń kọ ìwé kò pe ìtàn náà ní tirẹ̀. Ó ní àgbà ọdẹ kan, Àkàrà-Oògùn, ló wá bá òun, tó sì ní kí òun mú gègé kí òun kọ ohun tí yóò sọ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, àwọn ará ìlú tún péjọ wá gbọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni gbogbo ìwé náà: ẹnìkan ń sọ, ẹnìkan ń kọ, àwùjọ ń tẹ́tí. Fágúnwà mọ̀ pé bí ìtàn ṣe ń rìn láàárín wa nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lónìí pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ní ẹ̀bá ògiri ilé àwọn àgbà kò yàtọ̀ sí èyí.

Ní ti ọ̀nà ìtẹ̀wé, ìdíje nìkan kọ́ ló gbé e dé ibi tó dé. Olùkọ́ ni, ó mọ ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè kà àti ohun tó máa dùn mọ́ ọn. Ìjọ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò ra ìwé. Nígbà tí ìwé jáde, ọjà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní 1960, Fágúnwà kọ àpilẹ̀kọ kan fún ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ nípa bí a ṣe ń kọ ìwé ìtàn-àròsọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá 1963, ó kú nínú omi ní ẹ̀bá Bida. Ká ní kò kọ àpilẹ̀kọ yẹn ni, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ìbá kéré sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ní láti gbà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà lẹ́tà: Amos Tutùọlá

Ẹ̀rí míràn ni ti Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920. Kò kàwé púpọ̀. Ikú bàbá rẹ̀ dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì bá àwọn ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ irin nígbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun, ó rí iṣẹ́ òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Iṣẹ́ náà máa ń fún un ní àkókò púpọ̀ tí kò ní ohun tó ń ṣe. Àkókò yẹn ló fi kọ àwọn ìtàn tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tó wà lọ́mọdé.

Bí ìtàn náà ṣe di ìwé ló yani lẹ́nu. Ó rí ìpolówó ìwé nínú ìwé àtìgbàdégbà kan, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ìpolówó náà, ẹgbẹ́ ìwé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn yẹn kì í tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Wọ́n gbé e fún Faber and Faber, èyí sì tẹ *The Palm-Wine Drinkard* ní 1952. Ní 1953, Raymond Queneau sọ ọ́ di Faransé, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn òǹkàwé ìhà tiwa lè kà á ní èdè tí wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìró Yorùbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn alákọ̀wé kan nílé bínú sí i nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, pé yóò kó ìtìjú bá wa lójú àwọn òyìnbó. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ìwé náà ní yunifásítì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n pè ní àléébù nígbà náà ni àwọn òǹkàwé wá rí gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà láti kọ nítorí pé ẹ̀ka-èdè Ìdàáṣà tàbí ti Ifẹ̀ Atakpamé kò jọ Yorùbá inú ìwé, kó rántí Tutùọlá.

Ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́: Òkédìjí, Fálétí àti Ìṣọ̀lá

Lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà ní 1960, ọ̀nà tuntun là. Wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ìwé Yorùbá sì wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà fún ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé rí i pé ọjà wà. Ní 1969 nìkan, ìwé méjì tó tún ìtàn-àròsọ Yorùbá ṣe jáde: *Àjà Ló Lẹrù* láti ọwọ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* láti ọwọ́ Adébáyọ̀ Fálétí. Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé *Ó Le Kú* jáde.

Orísun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ti Òkédìjí ni ìwà ọ̀daràn ojoojúmọ́: olè, awakọ̀, ọlọ́pàá, àti Lápàdé tó ń tọpa wọn. Kò sí iwin kankan nínú rẹ̀. Fálétí padà sí ìtàn àtijọ́, sí àwọn ìlú tó ń sin Ọ̀yọ́ tí wọ́n sì dìde láti já ara wọn gbà. Ìṣọ̀lá mú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ìbàdàn, ìfẹ́ àti ìgbéyàwó àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé. Ó Le Kú kò dúró sínú ìwé, Túndé Kèlání sọ ọ́ di sinimá ní 1997.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé ìwé wọn. Bí ìwé kan bá wọ inú ètò ìdánwò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ yóò rà á, òǹtẹ̀wé yóò sì tún un tẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi gbọn eruku. Ètò yìí ló jẹ́ kí ìtàn-àròsọ Yorùbá gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, àìsí rẹ̀ ní ìhà tiwa ló sì jẹ́ kí ó ṣòro. Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ wa kò pé tó ti àwọn ará ìhà ọ̀hún.

Ní ìhà tiwa: Hazoumé àti Couchoro

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí Paul Hazoumé ní 1890. Iṣẹ́ olùkọ́ gbé e dé Àgbómẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ìtàn ààfin lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀. Ohun tó gbọ́ so èso méjì. Ní 1937, ó tẹ ìwé ìwádìí lórí ìmùlẹ̀ ní Dàhòmì jáde ní Paris. Ní 1938, ọdún kan náà tí ìwé Fágúnwà jáde ní Èkó, *Doguicimi* jáde ní Paris. Ìtàn-àròsọ ni, ti ìgbà ọba Gezo, nípa obìnrin kan tó di ọkọ rẹ̀ mú láìka ìyà àti ìtannijẹ sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ìwé méjèèjì ti 1938 yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Olùkọ́ ni àwọn tó kọ ọ́ méjèèjì. Ẹnu àgbà ni àwọn méjèèjì ti mú ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní Òkè-Igbó lè ka ti Fágúnwà fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ti Hazoumé ní láti gba inú èdè Faransé kọjá kó tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìtàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọ́ èdè náà. Kì í ṣe ẹ̀bi Hazoumé. Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nígbà náà nìyẹn.

Félix Couchoro ní tirẹ̀ wá ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ouidah ni wọ́n bí i sí ní 1900, Lomé ló sì kú sí ní 1968. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, *L'Esclave*, jáde ní Paris ní 1929, ọdún kan náà tí Ṣẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn náà, kò dúró de Paris mọ́. Ó tẹ ìwé míràn ní Ouidah fúnra rẹ̀, ọ̀kan ní 1941, ọ̀kan ní 1950. Nígbà tó di ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìròyìn *Togo-Presse*. Orísun rẹ̀ ni ìgbésí ayé etíkun: ọjà, gbèsè, ogún jíjẹ, ìfẹ́, ìjà ilé. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé Paris. Akọ̀wé, oníṣòwò àti olùkọ́ ìlú ni wọ́n.

Thomas ní Èkó àti Couchoro ní Lomé jọ gba ọ̀nà kan náà, ọ̀nà ìwé ìròyìn. Èyí fi hàn pé ọ̀nà náà kò di mímọ́ fún ìhà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó tún ní ewu tirẹ̀. Ohun tó bá jáde nínú ìwé ìròyìn máa ń tètè sọnù. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí tó wá kó àwọn ẹ̀dà náà jọ lẹ́yìn ikú Couchoro ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ parẹ́.

Ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ní Yorùbá ní ìhà tiwa yóò pàdé ìbéèrè kan tí Fágúnwà kò pàdé: álífábẹ́ẹ̀tì wo ni kí n lò? Ní 1975, orílẹ̀-èdè Benin fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún gbogbo èdè rẹ̀, ó sì tún un ṣe ní 1990. Nínú rẹ̀, *ɛ* ló dúró fún ẹ, *ɔ* ló dúró fún ọ, *sh* ló sì dúró fún ṣ. Bí ọmọ Nàìjíríà bá kọ *ọ̀ṣọ́*, ọmọ Benin tó kọ́ ọ ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yóò kọ *ɔ̀shɔ́*. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìró kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú tí kò mọ̀ ọ́n rí lè kọsẹ̀.

Ìyàn yìí kan ọjà ìwé gan-an. Ẹni tó bá lo álífábẹ́ẹ̀tì Benin, àwọn tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àgbà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ yóò kà á láìsí wàhálà. Ẹni tó bá lo ti Nàìjíríà yóò ní òǹkàwé tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ lè máa wò ó bí ohun àjèjì. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí èyí dá ẹnikẹ́ni dúró. Kọ̀ǹpútà lè yí ọ̀kan padà sí èkejì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bí a bá ti fi àmì ohùn sí i dáadáa. Kí òǹkọ̀wé kọ ọ́ ní èyí tó mọ́ ọn lọ́wọ́, kí a sì tẹ ẹ̀dà méjì. Àmì ohùn gan-an ni kí a má fi ṣeré, nítorí òun ni kò ṣe é ṣàtúnṣe bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sí mọ́.

Bí a ṣe lè fọ̀rọ̀ wá òǹkọ̀wé lẹ́nu wò

Nínú gbogbo èyí, a ti rí i pé ìbéèrè nípa orísun àti ìbéèrè nípa ọ̀nà máa ń fi ohun tí ìwé fúnra rẹ̀ kò sọ hàn. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí pé kí ẹ lọ bá àwọn òǹkọ̀wé tó wà nítòsí yín, yálà wọ́n ti tẹ ìwé tàbí wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́. Àwọn nǹkan tí a rò pé ó ṣe pàtàkì nìyí.

Ẹ ka iṣẹ́ wọn kí ẹ tó lọ. Ẹni tí kò kà á kò ní mọ ibi tí yóò ti fà á, òǹkọ̀wé yóò sì mọ̀ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ ìwé àfọwọ́kọ ni, ẹ tọrọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ẹ kà á níwájú wọn bí wọn kò bá fẹ́ kó kúrò nílé.

Ẹ má ṣe dúró sí pé níbo lẹ ti rí ìtàn. Ẹ béèrè ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, ìlú tí ẹni náà ti wá, ọjọ́ orí wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n yí padà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ibi tí òǹkọ̀wé ti yí ìtàn padà ni iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ti hàn. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Kétu ló mọ bí ogun Dàhòmì ṣe fọ́ ìlú ní 1886. Bí ẹnìkan bá fi ogun náà ṣe ìtàn-àròsọ, a fẹ́ mọ èyí tó gbọ́ àti èyí tó fi ọgbọ́n inú rẹ̀ hun.

Ẹ béèrè ìtàn ìwé tí wọn kò tẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí Tutùọlá fi ránṣẹ́ sí òyìnbó kọ́ ni *The Palm-Wine Drinkard*. Ó ti kọ òmíràn ṣáájú rẹ̀, èyí tí kò di títẹ̀ títí di 1982. Ká ní ẹnikẹ́ni kò béèrè, a kì bá tí mọ̀. Ẹ̀rù lè máa ba àgbà kan láti sọ pé òǹtẹ̀wé kan kò dá òun lóhùn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú, ara ọ̀nà ni.

Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bí ó bá jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ronú, ẹ má sọ pé kí wọ́n sọ Yorùbá inú ìwé nítorí ẹ̀rọ. Ẹ sì tọrọ ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi sílẹ̀.

Ní ìparí, ẹ bá wọn wo ibi tí iṣẹ́ wọn wà. Bí ó bá wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, ikán àti òjò ń bọ̀. Ẹ ya àwòrán ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Ìwé tó bá ti di títẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà àádọ́ta péré, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè. Àjàṣẹ́ ló wà, kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìwé tí a bá fi síbẹ̀ ni ọmọ ọmọ wa lè béèrè fún lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tó kù

Ìjọ ló tẹ ti Fágúnwà, ìwé ìròyìn ló tẹ ti Thomas àti ti Couchoro lápá kan, Lọ́ńdọ̀nù àti Paris ló tẹ ti Tutùọlá àti Hazoumé, ilé-ẹ̀kọ́ ló sì gbé ti Òkédìjí, Fálétí àti Ìṣọ̀lá. Kò sí èyí tó jẹ́ pé òǹkọ̀wé nìkan ló dá gbé e. Níbi gbogbo, àwùjọ kan wà tó ní ẹ̀rọ, tàbí tó ní owó, tàbí tó ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí tó kàn gbà láti fi ìwé ẹlòmíràn ránṣẹ́ síwájú.

Ní ìhà tiwa, kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ àṣà kò fi lè jẹ́ àwùjọ náà. Àwọn kan nínú wa jẹ́ olùkọ́, wọ́n lè ka ìwé àfọwọ́kọ kí wọ́n tún àmì ohùn ṣe. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n lè fún ìtàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀. Àwọn kan wà lókè òkun, wọ́n lè dá owó jọ fún ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá mọ òǹkọ̀wé kan tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí, kó lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó sì mú pẹ́ńsù àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ dání.